Òkè Rí'i ní Ọjọ́ Jímọ̀

Ẹni tó bá ti gbé Ghulail rí, bó ti wù kó pẹ́ tó tó ti kúrò ní Jíddà, kò lè gbàgbé òórùn àdúgbò yẹn lẹ́yìn ìrun Àsùbáà: búrẹ́dì tàmíìsì tó ń jáde gbígbóná nínú ààrò, ẹ̀wà fúùlù tó ń hó nínú ìkòkò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, àti afẹ́fẹ́ òkun tó ń bu iyọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Inú òórùn yìí ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan ti kó kẹ̀kẹ́ wọn jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá. Mẹ́kà ni wọ́n ń lọ.

Wọn kò fẹ́ gba ọ̀nà ńlá tí mọ́tò ń gbà. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ tọ̀, èyí tó gba ẹ̀yìn Bahra, tó gun òkè, tó sì já sínú Wádì Fátímà, níbi tí àwọn abúlé àgbà fara pamọ́ sí láàrin igi dábínù, kó tó wá rọra yọ sí Mẹ́kà. Lókè pátápátá, àárín òkè méjì ni ọ̀nà náà ń gbà kọjá. Rí'i ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú àlàfo òkè bẹ́ẹ̀, nítorí náà Rí'i lásán ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ilé ìṣọ́ olókùúta kan wà níbẹ̀ tí àwọn Tọ́kì kọ́ láyé ọjọ́un láti máa ṣọ́ àwọn tó ń lọ sí Háájì. Òrùlé rẹ̀ ti wó, ògiri rẹ̀ nìkan ló ń dá dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Ìdírísì ni olórí àwọn mẹ́rin náà. Ghulail ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìwó, tó la Bọ̀rọ̀nú àti Súdáànì kọjá, tó ṣe Háájì tán, tí kò sì padà sílé mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ni Ìdírísì ń tún ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú, ṣùgbọ́n tó bá ti gorí kẹ̀kẹ́, ńṣe ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ́ bí ẹ̀yìn ẹṣin. Ayman àti Osama, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ń ta fóònù lọ́jà, ló tẹ̀ lé e. Ẹni kẹrin ni Misbaudeen.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Misbaudeen, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù ní Mẹ́kà. Yàrá tó ń gbé wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè An-Nakkasah, níbi tí ẹni tó bá ra omi ti gbọ́dọ̀ gbé e gòkè bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Ìdírísì rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun òkè, tó tún ń kéwú lórí ìjókòó. Ó dá a dúró. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èémí méjì ni Ọlọ́run fún ẹ ni?" Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di ọmọ. Ó fún un ní kẹ̀kẹ́, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà, bí wọ́n ṣe ń sinmi lórí eré. Misbaudeen kò ní bàbá mọ́ nílé. "Bàbá" tó ń pe Ìdírísì kì í ṣe ti ẹnu lásán. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ti wá sùn ní Ghulail kí wọ́n lè jọ gbéra.

Raghad, ọmọ Ìdírísì, ló máa wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú omi àti yìnyín. Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí tó kọ́ nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ àgbà lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, Lárúbáwá ló kù.

"Misbaudeen, o ti jẹun?"

"'Ẹ ti jẹun' ni, Raghad. Mo jù ẹ́ lọ."

"Ẹ ti jẹun, yā sheikh? Ẹ ti jẹ búrẹ́dì? Ẹ ti jẹ gbogbo búrẹ́dì tán, Bàbá ò rí jẹ?"

Ìdírísì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Ẹ máa rín in," ni Misbaudeen wí. "Gbọ́, Raghad. Lónìí, tó o bá fẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, Yorùbá ni kó o kọ. Tó o bá kọ Lárúbáwá, mi ò ní dá ẹ lóhùn."

"Tí kìnnìún bá ń lé mi ńkọ́?"

"Kọ 'kìnnìún' kó o tó sá."

Báyìí ni wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n fi máa kọjá Bahra, oòrùn ti gun orí òkè, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo onígbèsè. Ní ẹsẹ̀ òkè, Ìdírísì gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dúró.

"Ẹ gbọ́ o. Kálukú ló máa gun òkè yìí bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé abúlé tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kó dúró níwájú mọ́sálásí. Kò gbọ́dọ̀ lọ síwájú, a ó jọ wọ Mẹ́kà ni. Àlàájà ti ń se oúnjẹ ní Jarwal." Àlàájà Bùsírátù, ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Mẹ́kà, ló ní lọ́kàn. "Ẹ ò fẹ́ kí Àlàájà rí i pé ẹnì kan ṣáájú ẹnì kan dé ìdí ìkòkò."

Misbaudeen bu omi kún ìgò rẹ̀ nínú ọkọ̀ Raghad, ó sì dojú kọ òkè. Kò wo ẹ̀yìn. Òkè Rí'i kì í ṣe òkè tí èèyàn ń sáré bá. Ọ̀nà náà ń ká lọ ká bọ̀ bí ìfun ewúrẹ́, àpáta dúdú lápá kan, kòtò jíjìn lápá kejì. Ó fi jíà kékeré lé e, ó ń mí, ó ń ka súúrà nínú ọkàn rẹ̀, ó ń wo iwájú táyà nìkan. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ àwọn Tọ́kì, tí afẹ́fẹ́ òdìkejì fẹ́ sí i lójú, inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi pariwo. Ó wá jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn igi dábínù ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ilé alámọ̀, ilé olókùúta, mínárà funfun kan.

Ìgbà tó dé abúlé, wọ́n ti ń pe ìpè Jímọ̀. Àwọn ọkùnrin ń jáde láti gbogbo ojúlé, wọ́n ń wọnú mọ́sálásí. Kò pẹ́ tí ìta fi dá páropáro. Misbaudeen gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò kò ní ẹ̀ṣẹ̀ tí kò bá bá wọn kí i. Ó jókòó sábẹ́ igi dábínù kan, ó na ẹsẹ̀, ó ń gbọ́ lèmọ́mù láti inú gbohùngbohùn, ó sì ń dúró de bàbá rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ ké. Nẹ́tíwọ̀kì abẹ́ òkè yẹn kò dá ṣáká, ó ń wá, ó ń lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Raghad ni, ó sì kọ Yorùbá bí Misbaudeen ṣe ní kó kọ ọ́:

"Ayman ati Osama subu. Eje po. Mo n gbe won lo osibitu ni Jeddah. Baba lo ku."

Misbaudeen kà á. Ó tún un kà.

Ó pe Raghad, kò wọlé. Ó pe Osama, kò wọlé. Ó pe nọ́ńbà Ìdírísì. Èyí wọlé. Ó ń dún, ó ń dún, títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tún pè é, ó tún dún bẹ́ẹ̀. Misbaudeen rò ó lọ́kàn rẹ̀ bí fóònù yẹn yóò ṣe máa gbọ̀n nínú àpò ẹ̀yìn aṣọ, lára ẹni tí kò lè nawọ́ mú un mọ́.

Ọmọ tí wọ́n bí nílé kò ní kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa bàbá rẹ̀. Á ní Bàbá ti sùn, á ní Bàbá ò sí mọ́, á ní ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n níbo ni Raghad ti fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ọ̀rọ̀ kan náà ló mọ̀: fóònù kú, adìyẹ kú, iná kú. Àwọn tó fara pa ló kọ́kọ́ gbé, nítorí alààyè ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, ó ti fi omijé wa ọkọ̀ lọ.

Misbaudeen dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, ó dúró láàrin bàtà àwọn èèyàn. Lèmọ́mù wà lórí mínbárì, kùtúbà, ìwàásù Jímọ̀, ń lọ lọ́wọ́. Àwọn kan lẹ́yìn yíjú wò ó. Misbaudeen la ẹnu. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ sọ fún un pé ẹni tó bá sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé "dákẹ́" lákòókò kùtúbà, ó ti sọ ìsọkúsọ. Ẹ̀kọ́ kan náà tún sọ pé tí èèyàn bá ń já bọ́ sínú kànga, kí ẹni tó rí i pariwo, ì báà jẹ́ orí ìrun ló wà. Ṣùgbọ́n ta ló wà nínú kànga? Òkú kì í já bọ́. Òkú ti dé ibi tó ń lọ, kò sí ohun tí ariwo lè bá a ṣe. Ó pa ẹnu dé.

Síbẹ̀, a kì í jẹ́ kí òkú àgbà dá wà lójú ọ̀nà lábẹ́ oòrùn. Ìyẹn kò sí nínú ìwé tó ń kà ní Mẹ́kà, ilé ló ti gbé e wá. Ẹ̀rọ omi tútù kan wà lára ògiri mọ́sálásí, èyí tí ẹnì kan fi ṣe sàráà. Ó gba omi kún ìgò rẹ̀ méjèèjì níbẹ̀. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ojú Ìdírísì ló fẹ́ fi nù, kí eruku má wà níbẹ̀ tí Àlàájà bá máa rí i.

Ó wá yí kẹ̀kẹ́ padà sí òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Òkè tí èèyàn ti fi ayọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀tá ni tó bá ní kó tún un gùn. Oòrùn ti dé àárín ọ̀run, òjìji rẹ̀ ti wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọ̀dà ń yọ́, táyà ń fà mọ́ ọn bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò ní jíà tó kéré ju èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìka rẹ̀ ń wá a. Ní igun kejì, iṣan itan rẹ̀ fà, ó kígbe, ó fi ọwọ́ gbá a, kò dúró. Ó mọ̀ pé tí òun bá dúró, òun ò ní gbéra mọ́.

"Ìnná lílááhì," ló ń wí ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá lọ sílẹ̀. "Wa ìnná ìláíhì," ní ti òsì.

Ta ló máa sọ fún Àlàájà? Òun náà ni. Á wọ Jarwal, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí ni? Obìnrin yẹn máa bi í pé, "Níbo ni Ìdírísì wà tó o fi jókòó?" Wọ́n ní kó dúró ní abúlé, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó sáré tó báyẹn? Ká ní ó wà lẹ́yìn ni! Òógùn wọ ojú rẹ̀, ó ta á, kò nù ún, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló fi di kẹ̀kẹ́ mú. Láti ìsàlẹ̀, gbohùngbohùn mọ́sálásí ń tẹ̀ lé e gòkè, ó ń dín kù ní igun kọ̀ọ̀kan, títí tó fi di ìkùnsínú, tó sì wá dákẹ́.

Kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Gbogbo èèyàn wà lórí ìrun.

Nígbà tó yọ sí Rí'i, ohun tó rí kò bá ohun tó ń retí mu. Kò sí ọlọ́pàá. Kò sí gíláàsì fífọ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ lórí ọ̀dà. Kẹ̀kẹ́ Ìdírísì ló wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri ilé ìṣọ́ wẹ́rẹ́, akoto rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá kan sọ̀ kalẹ̀ láti tọ̀. Misbaudeen dúró. Kẹ̀kẹ́ òkú ha ń fara ti ògiri?

"Bàbá?"

Ó yí ògiri ká. Bàtà ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Ìdírísì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ìdí ògiri, níbi tí ìbòòji ti wà tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti ṣí ìbòòji yẹn kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jó o ní ojú. Ètè rẹ̀ ti bó. Fóònù rẹ̀ wà nínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Misbaudeen kúnlẹ̀. Ó ṣí ìgò kan, ó da omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì na ọwọ́ láti pa ojú òkú dé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìpéǹpéjú náà gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀.

Ó fò sẹ́yìn bí ẹni ejò bù ṣán.

"Bàbá! Bàbá Ìdírísì!"

Ara ọkùnrin náà gbóná bí agbada, ó sì gbẹ. Kò sí òógùn kan lára rẹ̀, ìyẹn ló sì ba Misbaudeen lẹ́rù jù. Èémí rẹ̀ kúrú, ó yára bí ti ajá. Ètè rẹ̀ mira.

"Yí jíà," ni Ìdírísì wí. "Òkè… yí jíà."

"Mo ti yí i, Bàbá. Mo ti yí i."

Ó wọ́ ọ lọ sí apá kejì ògiri níbi tí ìbòòji díẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó ya aṣọ rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Ó da omi sí i lọ́rùn, sí i lábíyá, sí i ní itan. Ó bọ́ aṣọ tirẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi ń fẹ́ ẹ. Kò da omi sí i lẹ́nu, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tó wà kì í gbé omi mì, ńṣe ló máa ń fà á símú. Ìgò kan ti tán. Ó fi ọwọ́ kan tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ pàjáwìrì. Lókè níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì dára.

Ọkùnrin kan dá a lóhùn. Misbaudeen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pẹ̀lú Lárúbáwá tó mọ̀, èyí tó wà nínú ìwé, tí gbogbo ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé pérépéré bí ìgbà tí èèyàn ń ka kùtúbà.

"Yā sheikh," ni ọkùnrin náà wí, "ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rẹ dára, ṣùgbọ́n níbo lo wà?"

"Ní Rí'i! Ní ilé ìṣọ́!"

"Rí'i wo? Mẹ́kà kún fún Rí'i. Kí ni nọ́ńbà ojú ọ̀nà?"

Kò mọ nọ́ńbà. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọ̀nà náà ní nọ́ńbà. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ ni ìpè mìíràn ti wọlé lé e lórí. Raghad ni.

"Misbaudeen! Alhamdulillah. Fóònù mi ti kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í bọ iná ni. Osama dára. Ayman náà, apá rẹ̀ nìkan. Bàbá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Misbaudeen wo ojú Ìdírísì.

"Misbaudeen? Bàbá ti dé?"

"O kọ ọ́ sí mi pé Bàbá kú."

"Kí ni?"

"O kọ ọ́! Bàbá ló kú!"

"Bàbá ló kù! Mo ní Bàbá ló kù! Yaʿnī… òun nìkan! Lójú ọ̀nà! Bāqī! Bàbá bāqī, Misbaudeen!" Ohùn rẹ̀ já. "Ta ló kú?"

Bāqī. Ẹni tó ṣẹ́ kù. Misbaudeen ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn Lárúbáwá ní ẹnu ọ̀nà gbogbo olóòkú: al-baqā' lillāh, Ọlọ́run nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Òun tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà nítorí "ẹ" àti "o", kò rántí ohùn ìsàlẹ̀.

"Bàbá rẹ ò kú," ló wí. "Ṣùgbọ́n oòrùn ti mú un. Kò mọ̀ mí. Kí ló dé tí kò ní omi?"

"Omi rẹ̀ ló fi fọ ẹ̀jẹ̀ ojú Ayman. Mo ní kó dúró, kí n bu omi fún un, ó ní 'Lọ, lọ, omi wà lábúlé, Misbaudeen wà níbẹ̀.' Ó ní òun máa bá ẹ níbẹ̀." Ó ti ń sunkún. "Ó lọ sókè. Èmi ni mo fi í sílẹ̀."

"Raghad. Gbọ́ mi. Wọn ò gbọ́ Lárúbáwá mi. Ìwọ pè wọ́n. Sọ ọ̀nà fún wọn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé."

"Tayyib. Tayyib. Ó dáa. Má pa fóònù. Rárá, pa á, pa á!"

Ó pa á. Ìgò kejì ń lọ. Ó ń da á ní ẹ̀kán ẹ̀kán báyìí, bí ẹni ń bu epo àtùpà. Ìdírísì sọ̀rọ̀ kan sí bàbá rẹ̀ tó ti kú, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì burú ju ìsọkúsọ lọ. Misbaudeen gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó ń fẹ́ ẹ, apá rẹ̀ ń wúwo, aṣọ náà ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má sùn o, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún Àlàájà. Ẹ bú mi. Ẹ ní mo ti jẹ búrẹ́dì yín tán."

Omi tán. Ó gbọn ìgò náà, ó tún un gbọn.

Ó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀, níhà abúlé. Ìrun ti parí. Ó gbé orí Ìdírísì sílẹ̀, ó sáré sí àárín ọ̀nà láìwọ aṣọ, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan yọ ní igun, ó hàn bí ẹni pé kò ní dúró, ó sì dúró. Àgbẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, Salem lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tínínrín, aṣọ Jímọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bírísímù, koríko tútù tí wọ́n ń fún ewúrẹ́, ló dì kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ti bomi rin ín láàárọ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Salem kò béèrè ohunkóhun. Ó wo ojú Ìdírísì, ó ní, "Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú." Wọ́n gbé e sórí koríko náà. Salem bu bírísímù tútù lé e láyà, lé e lọ́rùn, lé e lórí, títí ó fi dà bíi pé wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Misbaudeen jókòó tì í. Ọkọ̀ yí padà, ó dojú kọ Wádì.

Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Salem ń sọ̀rọ̀ láti ibi ìdarí.

"Ìwọ ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí."

"Èmi ni."

"O la ẹnu. Mo ní ọkùnrin yìí fẹ́ sọ nǹkan. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Mo rò pé ó ti kú."

Salem wa ọkọ̀ yí igun kan kó tó dáhùn. "Tó bá kú, ṣé a ò ní gbé e?"

Misbaudeen tẹ ojú mọ́ koríko. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àyà Ìdírísì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Á yára, á tún falẹ̀. Ó ń kà á bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà, ó ń bẹ̀rù ibi tí kíkà náà máa dúró sí. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ìsàlẹ̀, Ìdírísì gbé ọwọ́, ó já ewé kan kúrò nínú irùngbọ̀n ara rẹ̀, ó wò ó, ó jù ú nù. Misbaudeen bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Lẹ́nu títì ńlá ni wọ́n ti pàdé ọkọ̀ pàjáwìrì. Raghad ló sọ ọ̀nà fún wọn, igun lẹ́yìn igun.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìdírísì tó mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni òun wà, ní Mẹ́kà. Omi ń kán wọ iṣan rẹ̀ láti inú ọ̀rá. Raghad jókòó sí apá kan, ojú rẹ̀ wú. Misbaudeen wà lórí àga kan ní ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan ti wá ẹ̀wù àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn fún un wọ̀. Ìdírísì wò ó.

"Ta ló kọ́kọ́ dé abúlé?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Mo ní kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé dúró."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí."

"Kí ló wá gbé ẹ padà gun Rí'i lọ́sàn-án gangan?"

Misbaudeen wo Raghad. Raghad wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ sọ fún alààyè pé wọ́n ti sọ ọ́ di òkú. Ṣùgbọ́n Misbaudeen sọ ọ́, láti orí àtẹ̀jíṣẹ́ dé orí omi tó fẹ́ fi nu ojú.

"Mo kọ ọ́ dáadáa," ni Raghad wí. "Òun ló ní kí n kọ Yorùbá. Ká ní mo kọ Lárúbáwá ni, ì bá ti yé e."

"Ká ní o kọ Lárúbáwá ni," ni bàbá rẹ̀ wí, "mi ò ní sí níbí." Ó wá yíjú sí Misbaudeen. "Nítorí náà, òkú mi lo wá gbé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tó bá jẹ́ pé o mọ̀ pé mo wà láàyè ńkọ́? Pé èmi nìkan ló kù lẹ́yìn?"

Ẹ̀rọ kan ń dún lẹ́bàá ibùsùn. Misbaudeen wá irọ́ kan tó dùn, kò rí i.

"Ǹ bá jókòó sábẹ́ igi, Bàbá. Ǹ bá máa dúró dè yín."

Ìdírísì pa ojú dé. Raghad ti fẹ́ dìde pe nọ́ọ̀sì.

"Èmi náà á jókòó ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ta ló ń padà gun irú òkè yẹn nítorí alààyè?" Ó la ojú kan. "Kí lò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò? Sún mọ́ mi."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi, Bàbá. Ó ti gan."

Raghad dìde, ó gba ẹ̀yìn àga mú, ó sì ń tì í lọ pẹ̀lú Misbaudeen lórí rẹ̀. Àga náà ń han gooro lórí ilẹ̀ dídán, nọ́ọ̀sì kan sì yọ orí wọlé, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dákẹ́, aláìsàn wà níbí.